Ṣé Ẹ̀yìn Ọmọ Yín Gún?

Ní ọjọ́ Sátidé kan, aládùúgbò mi kan ní Ajíbọ́dẹ mú ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 12, wá sí ọ̀dọ̀ mi pé kí n bá a tún aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ọmọ wọ aṣọ náà, a rí i pé etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ ní apá kan ju èkejì lọ. "Àǹtí, aránṣọ méjì ni ó ti tún un ṣe," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ̀yìn ọmọ yìí ni ó wọ́." Àwọn kan ti sọ fún un pé igi ìdáná tí ọmọ ń rù ni ó fà á, àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni. Obìnrin náà kò rí oorun sùn mọ́.

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹni tí ó bá ti rán aṣọ rí mọ̀ pé a kì í wọn etí aṣọ lára ẹni tí kò dúró ṣinṣin. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀yìn ọmọ rí. Bí ìdúró rẹ̀ bá yẹ̀, ojú wa yóò tàn wá jẹ.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò ní abẹ́rẹ́ nínú, tí kì í sì í dun ọmọ. Oníṣẹ́-abẹ ará Ìlú Ọba kan, William Adams, ni ó ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1865, àwọn dókítà sì ń lò ó títí di òní. Inú yàrá ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí ìtìjú ọmọ. Kí ó bọ́ bàtà, kí ó fi aṣọ bo àyà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà ní gbangba. Orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ni kí ó dúró sí, kí ó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ó má ṣe ká orúnkún. Kí ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, kí ó wá rọra tẹ̀ síwájú títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi tẹ́ bí tábìlì. Bí ọwọ́ kan bá lọ síwájú ju èkejì, èjìká kan yóò ga, ẹ ó sì rí iké tí kò sí níbẹ̀. Bí ọmọ bá ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ẹ má dì í mú. Ẹ jẹ́ kí ó nàró, kí ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ojú yín wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú ẹ̀yìn náà. Ṣé apá kan ga ju èkejì ní ibi èjìká, ìhà tàbí ìbàdí? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó jókòó lórí àpótí, kí ó sì tún tẹ̀ síwájú. Ìjókòó a máa mú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ti ọmọ aládùúgbò mi ga nígbà tí ó dúró. Nígbà tí ó jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ gún régé. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ni ó kúrú díẹ̀, wọ́n sì fi ìtẹ́lẹ̀ sínú bàtà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí gíga náà bá ṣì wà nígbà tí ọmọ jókòó, ẹ má fi falẹ̀. Ó lè jẹ́ wíwọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, tí àwọn dókítà ń pè ní scoliosis. Nínú 100 ọmọ tí ó ń bàlágà, 2 tàbí 3 ni ó máa ń ní in. Ẹrù rírù kọ́ ni ó ń fà á. Púpọ̀ nínú wọn kò nílò ju kí dókítà máa ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ti ń ga sókè ni ẹ̀yìn lè máa wọ́ sí i, pàápàá ti ọmọbìnrin. Bẹ́líìtì líle tí a fi ń dá a dúró kò wúlò mọ́ nígbà tí egungun bá ti dàgbà tán. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ní ilé ìwòsàn, ìdúró náà ni wọn yóò tún béèrè. Orí ìdúró ni wọ́n ti máa ń ya X-ray irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ọmọ bá dùbúlẹ̀, wíwọ́ náà a dín kù lójú àwòrán. Bí ọmọ bá sì mira, àwòrán yóò dàrú. Ìyá tí ó bá lóyún kò gbọdọ̀ di ọmọ mú níbẹ̀; kí ó sọ fún òṣìṣẹ́ pé òun lóyún, kí ẹlòmíràn sì dúró tì í.

Bí àárín ẹ̀yìn bá yọ gọngọ, tí ọmọ ń ní ibà, tí ó ń rù, ẹ má dúró de àyẹ̀wò ilé rárá. Ikọ́ ife a máa wọ inú egungun ẹ̀yìn, ó sì ní oògùn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Àwa ará Ajíbọ́dẹ kò jìnnà sí ìrànlọ́wọ́. UCH, tí a ṣí ní ọdún 1957, wà ní Ìbàdàn wa níhìn-ín. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ẹ bá ń wọn aṣọ tuntun fún ọmọ yín, ẹ fi ìṣẹ́jú 5 wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú ìdúró rẹ̀ tọ́, kí ẹ tó gba ohun tí ojú yín rí gbọ́.