Ohùn Okùn àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu: Orin Háàpù àwọn Kẹ́lítì àti Lítíréṣọ̀ tí ó Bí I

0. Ìfáàrà

Ìbéèrè kan tí a bá pàdé nínú ìwé ìdánwò ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni ó fa àpilẹ̀kọ yìí. Wọ́n tẹ ìlà mẹ́jọ nínú orin ìbílẹ̀ kan síbẹ̀, wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tọ́ka sí kókó ọ̀rọ̀ àti ọnà èdè inú rẹ̀. Wọn kò sọ ìlù tí a ń lù sí i, wọn kò sọ ẹni tí ó ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ ìgbà tí a ń kọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá múra yóò gba máàkì, ṣùgbọ́n egungun lásán ni a gbé síwájú rẹ̀.

Òdì-kejì irú àṣìṣe yìí ti ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ Áyálándì. Níbẹ̀, ohùn orin ni wọ́n tọ́jú, wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ lọ. Ó gbà wọ́n ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun-èlò tí a ń pè ní háàpù. Lẹ́yìn náà, a ó wo bí ewì àti ìtàn àbáláyé ṣe jẹ́ orísun orin rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ṣe yà kúrò lára ohùn, àti bí àwọn ẹgbẹ́ ataháàpù òde òní ṣe ń so wọ́n pọ̀ padà. Níkẹyìn, a ó sọ ohun tí èyí kọ́ àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn tí a sì ń ṣètò ìdánwò rẹ̀.

1. Ohun-èlò náà àti orúkọ rẹ̀

Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá pe ohun-èlò tí Dáfídì fi ń kọrin ní dùùrù. Ṣùgbọ́n lónìí, bí a bá dárúkọ dùùrù, èyí tí a ń fi ìka tẹ̀ ní ilé ìsìn ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Háàpù ni a ó máa pè é níhìn-ín, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. A kì í tẹ̀ ẹ́, a kì í sì í fi ọrun ha á bíi gòjé. Ìka ni a fi ń ta okùn rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni igi rẹ̀ pín sí: àpótí tí ohùn ti ń dún, ọrùn tí a so okùn mọ́ lókè, àti òpó iwájú tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀.

Àwọn tí a ń pè ní Kẹ́lítì ni àwọn tí èdè ìbílẹ̀ wọn bá ara wọn tan ní Áyálándì, Skọ́tíláńdì, Wélíìsì, àti Brittany tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Cláirseach ni àwọn ará Áyálándì ń pe háàpù wọn. Clàrsach ni ti Skọ́tíláńdì. Telyn ni ti Wélíìsì. Telenn ni ti Brittany. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó pẹ́ jù lọ wà ní Trinity College ní ìlú Dublin. Orúkọ ọba Brian Boru ni wọ́n fi ń pè é, ṣùgbọ́n ọdún 1014 ni ọba yẹn kú, háàpù náà kò sì ju ti ọ̀rúndún 14 tàbí 15 lọ. Àwòrán rẹ̀ ni ó wà lára owó ẹyọ Áyálándì láti ọdún 1928.

Idẹ ni okùn háàpù àtijọ́ yìí, nǹkan bí 30 ni iye rẹ̀, èékánná gígùn ni wọ́n sì fi ń ta á. Bí a bá ta okùn idẹ, ohùn rẹ̀ kì í tètè kú. Nítorí náà, bí ataháàpù ti ń ta okùn kan ni ó gbọ́dọ̀ máa fi ìka mìíràn pa ohùn èyí tí ó ti tà ṣáájú, kí wọn má baà da ara wọn rú.

2. Akéwì, apewì àti ataháàpù

Kí a tó lè mọ ohun tí ó sọnù, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà. Láyé àtijọ́ ní Áyálándì, abẹ́ ìtọ́jú àwọn ìjòyè ni akéwì wà. File ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń kọ́ṣẹ́, òfin ewì rẹ̀ sì le: iye sílébù inú ìlà gbọ́dọ̀ pé, ìró kan sì gbọ́dọ̀ dá èkejì lóhùn. Ṣùgbọ́n kì í sábà fi ẹnu ara rẹ̀ pe ewì náà. Reacaire, èyí ni apewì, ni yóò dìde níwájú olóyè. Cruitire, èyí ni ataháàpù, ni yóò sì máa ta okùn sí i. Ẹni mẹ́ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ kan.

Àwa tí a mọ ipò arọ́kin àti onídùńdún láàfin yóò tètè lóye ètò yìí. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Èdè olóhùn ni Yorùbá, èdè Áyálándì kì í ṣe olóhùn. Dùndún lè ki ènìyàn, kí ẹni tí ó mọ oríkì náà sì gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Háàpù kò lè fọhùn bẹ́ẹ̀. Bí apewì bá dákẹ́, ohùn okùn kù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti lọ.

Ìtàn àbáláyé wọn fi hàn pé wọ́n mọ agbára ohùn náà. Wọ́n ní lẹ́yìn ogun kan láàárín àwọn òrìṣà wọn àti àwọn Fomoire, àwọn ọ̀tá gbé háàpù Dagda lọ, wọ́n sì fi í kọ́ ara ògiri ilé àsè wọn. Dagda tọ̀ wọ́n lọ, ó pe háàpù rẹ̀. Háàpù já bọ́ láti ara ògiri, ó pa ènìyàn mẹ́sàn-án lójú ọ̀nà kí ó tó dé ọwọ́ olówó rẹ̀. Dagda wá ta orin mẹ́ta. Ó ta orin ẹkún, àwọn obìnrin sunkún. Ó ta orin ayọ̀, tobìnrin tọmọdé rẹ́rìn-ín. Ó ta orin oorun, gbogbo ọmọ ogun sùn, òun àti àwọn tí ó bá a wá sì lọ láìfarapa. Goltraí, geantraí àti suantraí ni orúkọ orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìpín yìí ni àwọn ataháàpù sì fi ń ṣàlàyé iṣẹ́ wọn títí di òní. Ẹ ṣe àkíyèsí pé ohun tí orin ń ṣe fún olùgbọ́ ni wọ́n fi pín in, kì í ṣe bí a ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀.

Ètò ààfin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó nígbà tí àwọn ìjòyè Áyálándì pàdánù ogun Kinsale ní ọdún 1601. Ní ọdún 1607, àwọn tí ó tóbi jù nínú wọn sá kúrò nílùú. Akéwì kò ní ẹni tí yóò bọ́ ọ mọ́. Ataháàpù nìkan ni ó ń kiri.

3. Turlough O'Carolan

Ẹni tí ó lókìkí jù nínú àwọn alárìnkiri yìí ni Turlough O'Carolan (1670–1738). Ṣànpọ̀nná ni ó fọ́ ọ lójú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 18. Ìyáàfin MacDermott Roe, tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé rẹ̀, ni ó mú un lọ kọ́ háàpù. Nígbà tí ó kọ́ṣẹ́ tán, ìyáàfin yìí fún un ní ẹṣin, owó àti ẹni tí yóò máa ṣamọ̀nà rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń lọ láti ilé ọlọ́lá kan sí òmíràn.

Wọ́n ní olóyè kan, George Reynolds, ni ó sọ fún un pé bóyá orí rẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ ju ìka rẹ̀ lọ. Ó sọ ìtàn òkè méjì tí ó wà lágbègbè náà fún un: inú àwọn òkè yìí ni iwin ń gbé, iwin òkè kan sì ń bá iwin òkè kejì jagun. O'Carolan fi ìtàn náà ṣe orin. Sí Bheag, Sí Mhór ni orúkọ rẹ̀, òun ni wọ́n kà sí orin àkọ́kọ́ tí ó ṣẹ̀dá. Ohun tí a ń fẹ́ kí ẹ rí ni pé ìtàn ẹnu ni ó ṣáájú orin.

Ọ̀pọ̀ nínú orin rẹ̀ ni ó fi yin àwọn tí ó gbà á lálejò. Planxty ni wọ́n ń pe irú orin ìyìn yìí, orúkọ ẹni tí a yìn ni a sì fi ń mọ̀ ọ́n. Ìròyìn sọ pé ohùn ni ó kọ́kọ́ máa ń ṣẹ̀dá, kí ó tó wá ọ̀rọ̀ sí i. Ó ju 200 ohùn orin rẹ̀ lọ tí a mọ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ni ó dé ọwọ́ wa láìní ọ̀rọ̀.

4. Belfast, 1792: a mú ohùn, a fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ní oṣù Keje ọdún 1792, àwọn kan ní ìlú Belfast rí i pé àwọn ataháàpù ń tán lọ. Wọ́n pè wọ́n jọ. Àwọn 10 ni ó wá láti Áyálándì. Mẹ́fà nínú wọn jẹ́ afọ́jú, ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Èyí tí ó dàgbà jù ni Denis Hempson, tí wọ́n ní ó ti tó ẹni ọdún 97. Òun nìkan ni ó ṣì ń fi èékánná ta okùn idẹ bí ti àtijọ́.

Edward Bunting, ọmọ ọdún 19, ni wọ́n gbà láti máa kọ orin wọn sílẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún un kí ó má fi ohunkóhun kún un. Iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe, torí pé láìsí i, púpọ̀ nínú orin wọ̀nyí ni ì bá ti bá àwọn arúgbó náà lọ. Ṣùgbọ́n ohùn ni wọ́n ní kí ó kọ. Nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1796, orin 66 ni ó wà nínú rẹ̀, ó ti tò wọ́n fún pìánò, kò sì sí ọ̀rọ̀ wọn níbẹ̀.

Nígbà tí ó yá, òun fúnra rẹ̀ rí àléébù yìí. Ní ọdún 1802, ó rán Patrick Lynch, olùkọ́ èdè Áyálándì, lọ sí agbègbè Connacht láti gba ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀. Lynch kọ ọ̀pọ̀ bọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìwé kejì jáde ní 1809, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sí i. Ti èdè Áyálándì wà nínú àpótí. Ọ̀rúndún 20 ni àwọn onímọ̀, pàápàá Donal O'Sullivan, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Láàárín àkókò yìí, èdè náà ti kú lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn.

5. Ẹgbẹ́ ataháàpù lóde òní

Ní nǹkan bí ọdún 1820, John Egan ní Dublin ṣe háàpù kékeré kan tí okùn rẹ̀ jẹ́ ìfun ẹran. Ó ní irin kéékèèké tí a lè fi yí ohùn okùn padà. Irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ta lónìí. Ohùn rẹ̀ tètè ń kú ju ti idẹ lọ, nítorí náà háàpù púpọ̀ lè dún pọ̀ láìdàrú: ọ̀kan a gbé orin, èkejì a máa dá a lóhùn, ẹ̀kẹta a di ìsàlẹ̀ mú.

Àwọn ẹgbẹ́ tí ó mú iṣẹ́ náà sọjí kò kéré. A dá Comunn na Clàrsaich sílẹ̀ ní Skọ́tíláńdì ní 1931, àti Cairde na Cruite ní Áyálándì ní 1960. Derek Bell fi háàpù kún ẹgbẹ́ The Chieftains ní àwọn ọdún 1970. Ní 2019, àjọ UNESCO fi iṣẹ́ háàpù Áyálándì sínú àkójọ ogún àṣà gbogbo àgbáyé.

Ohun tí ó kàn wá jù ni ibi tí wọ́n ti ń mú orin. Alan Stivell ará Brittany bẹ̀rẹ̀ àwo rẹ̀ olókìkí ti ọdún 1971 pẹ̀lú orin tí ó pè ní Ys. Ìlú kan nínú ìtàn àbáláyé Brittany, tí òkun bò mọ́lẹ̀, ni Ys. Ní Skọ́tíláńdì, àwọn obìnrin méjì, Patsy Seddon àti Mary Macmaster, kó ara wọn jọ ní 1985, wọ́n sì pe ẹgbẹ́ wọn ní Sìleas. Orúkọ Sìleas na Ceapaich, obìnrin akéwì kan tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún 17 sí 18, ni wọ́n mú. Akéwì yìí ni ó kọ ewì arò fún Lachlann, ataháàpù afọ́jú kan. Akéwì dárò ataháàpù. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àwọn ataháàpù fi orúkọ akéwì jẹ́. Àwọn méjèèjì ń ta háàpù, wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ Gaelic sí i, nítorí náà ọ̀rọ̀ ti padà sórí okùn.

Ní Wélíìsì ní tiwọn, ọ̀rọ̀ kò kúrò lórí okùn rárá. Cerdd dant ni wọ́n ń pe àṣà wọn. Háàpù yóò bẹ̀rẹ̀ orin kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, akọrin yóò wọlé pẹ̀lú ewì lórí ohùn mìíràn tí ó bá ti háàpù mu, àwọn méjèèjì yóò sì parí pọ̀. Sílébù tí a tẹnu mọ́ nínú ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí ibi tí ìlù orin ti wúwo. Nínú ìdíje Eisteddfod wọn, adájọ́ kò ní wo dídùn ohùn nìkan. Yóò wò ó bóyá orin gbé ìtumọ̀ ewì náà jáde.

6. Ohun tí èyí kọ́ wa

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí níbẹ̀. Èkíní, bí a bá ń gba orin tàbí ewì alohùn sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀rọ̀, ohùn, orúkọ ẹni tí ó ṣe é àti ìgbà tí a ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí Bunting fi sílẹ̀ ní 1792, ọdún 10 péré ni ó fi padà wá a, ó sì ti ṣòro.

Èkejì, nínú kíláàsì, kí olùkọ́ má kà á sí ìranù láti pe onílù tàbí láti lo ohùn tí a gbà sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀kẹta ni ti àwa olùdánwò. Bí a bá tẹ ìlà orin sínú ìwé ìdánwò, ẹ jẹ́ kí a kọ gbólóhùn kan tàbí méjì sí i lórí ẹni tí ó ń kọ ọ́ àti ìlù rẹ̀. Ó kéré tán, kí ìbéèrè kan jẹ́ lórí bí a ṣe ń ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní bìkítà fún ohun tí a kò béèrè.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìtàn iwin, ewì ìyìn àti ewì arò ni ó bí orin háàpù àwọn Kẹ́lítì, àti pé ìyapa ọ̀rọ̀ àti ohùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa orísun náà mọ́ wọn lójú. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn tí ó péjọ ní Belfast ní ìfẹ́ orin náà, wọ́n sì ṣiṣẹ́ kára. Ohun tí wọ́n rò pé ó tó ni kò tó. Ewì alohùn tiwa ṣì wà lẹ́nu àwọn tí ó ni ín. Kí a má ṣe dúró di ìgbà tí a ó máa rán ènìyàn lọ wá ìdajì rẹ̀.