Ọkọ̀ Dísù Tó Ń Gbọ̀n ní Òwúrọ̀ Ọyẹ́

Ní gbogbo ìgbà tí ọyẹ́ bá dé, láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kejì, ẹ̀sùn kan náà ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ wa láti Osi títí dé Iloffa. Ọkọ̀ kò fẹ́ sítáàtì ní òwúrọ̀. Nígbà tó bá sì sítáàtì, yóò máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, yóò máa tú èéfín funfun, yóò fẹ́ kú, yóò tún gbé e. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan ara rẹ̀ á balẹ̀, wọn á kó iṣu tàbí gaàrí sí i, ó di ọ̀nà Omu-Aran.

Kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi dé iwájú ìgbìmọ̀: mẹkáníìkì ní pọ́ńpù ti bàjẹ́, kí ẹgbẹ́ mú owó wá. Àwa alábẹ̀wò tí a ń yẹ ìwé owó wò mọ orin yìí dáadáa. Owó pọ́ńpù kan lè gbé èrè tí ọkọ̀ pa ní oṣù púpọ̀ lọ. Ó sì máa ń dùn wá nígbà tí a bá rí i pé owó náà jáde ní ọyẹ́ èṣí, ó tún jáde ní ọyẹ́ ọdún yìí, lórí ọkọ̀ kan náà, tí ọkọ̀ sì ń gbọ̀n síbẹ̀. Èrò tiwa ni pé pọ́ńpù ni ó yẹ kí a fura sí kẹ́yìn. Àwọn ohun tó sábà máa ń fa ìgbọ̀n òwúrọ̀ kò wọ́n tó pọ́ńpù, a sì lè dá wọn mọ̀ láìtú ẹ́ńjìnnì.

Ọkọ̀ tí a ń sọ ni ti àtijọ́, irú Mercedes 207D, Toyota HiAce oní-dísù tàbí Peugeot 504 oní-dísù, tí kò sí kọ̀ǹpútà nínú iṣẹ́ pọ́ńpù wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí irú ẹ́ńjìnnì yìí ṣe ń jó epo. Ọkọ̀ oní-pẹtiróòlù ní plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Ti dísù kò ní in. Ọ̀gbẹ́ni Rudolf Diesel, ará Jámánì tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ́ńjìnnì náà, fi hàn ní ìlú Augsburg ní ọdún 1897 pé bí a bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ gidigidi, yóò gbóná débi pé epo tí a bá fọ́n sí i yóò gbaná fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi pọ́ńpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ńpù náà a máa gbóná. Ohun kan náà ni. Nínú àwọn ọkọ̀ tí a dárúkọ yìí, afẹ́fẹ́ tó kún sílíńdà ni a ń fún mọ́ àyè tí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 20 lọ.

Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, irin tutù, irin náà a sì gba ooru lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ kí epo tó dé. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe fi híítà kékeré kan, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí pẹ́ńsù, sí sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Bátìrì ni ó ń mú un pọ́n. Bí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, iná kékeré kan á tàn níwájú rẹ̀. Ó yẹ kí ó dúró kí iná náà kú kó tó sítáàtì. Awakọ̀ tí kò ní sùúrù yìí pọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fa gbígbọ̀n tó wá ń fi sùn.

Bí híítà méjì bá jó nínú mẹ́rin, sílíńdà méjì á gbaná, méjì tó kù á kàn máa pọ epo jáde láìjó. Gbígbọ̀n náà nìyẹn. Èéfín funfun tó ń ta ojú, tó ń rùn bí epo, òun náà ni epo tí kò jó. Nígbà tí irin bá gbóná, àwọn méjì tó ń ṣàìsàn á dara pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Pọ́ńpù tó ti gbó kì í sábà ṣe báyìí: ìgbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná ni wàhálà tirẹ̀ máa ń pọ̀, nítorí epo gbígbóná a máa ṣàn, a sì máa yọ́ gba ibi tó ti jẹ kọjá.

Nítorí náà, kí ẹ dúró lẹ́yìn ọkọ̀ ní òwúrọ̀ kí ẹ wo èéfín rẹ̀. Funfun tó ń rùn bí epo tó sì parẹ́ bí ọkọ̀ ṣe ń gbóná, híítà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Funfun tí kò rùn bí epo, tí kò parẹ́, tí omi rédíétọ̀ sì ń dínkù, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ wò. Èéfín aláwọ̀ aró, epo ẹ́ńjìnnì ni ó ń jó. Dúdú, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ kọ́kọ́ gbọn eruku ọyẹ́ inú fílítà afẹ́fẹ́.

Ìdánwò híítà kò gbà ju gílóòbù iná ọkọ̀ kan àti wáyà méjì lọ. Ríwáyà èyíkéyìí lè ṣe é níwájú akọ̀wé. Kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tú irin tàbí wáyà tó so àwọn híítà pọ̀. Kí ẹ fi wáyà kan láti ara gílóòbù kan orí bátìrì tó ní àmì +, kí ẹ sì fi èkejì kan orí híítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí gílóòbù bá tàn lára rẹ̀ kò tíì já. Èyí tí kò bá tàn ti jó. Bí gbogbo wọn bá yè, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iná ń dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Ó lè jẹ́ fíúsì tàbí riléè ni ó kú. Nínú àwọn Mercedes tó dàgbà jù, híítà so kọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn: bí ọ̀kan bá já, gbogbo wọn kú.

Bátìrì tí kò lágbára náà lè pa irú ìyà yìí jẹ yín, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ń yí wúyẹ́wúyẹ́ kò lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó.

Ìkejì ni afẹ́fẹ́ nínú ojú ọ̀nà epo. Bí kílíìpù hóòsì kan bá tú, afẹ́fẹ́ á wọlé ní òru, epo á padà sínú táńkì. Ọkọ̀ á sítáàtì, á ṣe bí ẹni pé ó dára, lẹ́yìn náà ni yóò máa kọsẹ̀. Òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ wa wúlò níhìn-ín. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí awakọ̀ gbé ọkọ̀ tí táńkì rẹ̀ wà lẹ́yìn kọ imú sókè. Ní alẹ́ kejì, kí ó kọ imú sísàlẹ̀. Bí ó bá yọ wàhálà nígbà tí imú wà lókè, tí ó sì dára nígbà tí imú wà nísàlẹ̀, hóòsì ni ẹ máa wá. Tàbí kí ẹ tẹ pọ́ńpù ọwọ́ tó wà lẹ́bàá fílítà títí yóò fi le kí ẹ tó sítáàtì. Bí ìgbọ̀n bá dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà, ẹ ti mú olè. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ tú omi tó wà nídìí fílítà dànù.

Bí híítà àti hóòsì bá dára, nọ́sù ló kàn. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n lọ́wọ́, mẹkáníìkì lè fi sípánà dẹ nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù kọ̀ọ̀kan díẹ̀, kí ó tún dè é. Èyí tó dẹ̀ tí ìró ẹ́ńjìnnì kò yí padà ni sílíńdà tí kò ṣiṣẹ́. Kí ó wá fi nọ́sù ibẹ̀ pààrọ̀ ti ẹlòmíràn: bí àìsàn bá bá nọ́sù lọ, nọ́sù ni, bí ó bá dúró síbi tó wà, àléébù wà nínú sílíńdà fúnra rẹ̀, irú bí rìngì tàbí fáàfù. Kí aṣọ bo nọ́ọ̀tì náà, kí ojú àti ọwọ́ jìnnà sí i. Epo tó ń fọ́n jáde lágbára débi pé ó lè wọ inú ẹran ara. Ẹni tó bá gún kó lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bí ojú ọgbẹ́ kò tilẹ̀ ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Lórí ọkọ̀ dísù ìgbàlódé, ẹ má dán èyí wò rárá, nítorí agbára epo inú páìpù tirẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ ní ìlọ́po.

Àṣà méjì kan wà tí a kò fẹ́ rí mọ́. Èkíní ni kí a máa fọ́n pẹtiróòlù tàbí íítà sí ẹnu afẹ́fẹ́ kí ọkọ̀ lè sítáàtì. Bí híítà bá ti pọ́n, ó lè bú gbàù, ó sì máa ń ṣẹ́ rìngì. Èkejì ni yíyọ tẹmositáàtì dànù nítorí ìbẹ̀rù pé ọkọ̀ á gbóná jù. Láìsí i, omi tútù á máa yí ká ṣáá, ẹ́ńjìnnì kò ní tètè gbóná, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n títí ó fi kúrò nílùú.

Àwọn ẹgbẹ́ tó ní ọkọ̀ lè fa ìlà kan kún ìwé ọkọ̀ wọn: ọjọ́, bí ó ti pẹ́ tó kí ara ọkọ̀ tó balẹ̀, àwọ̀ èéfín, àti ohun tí wọ́n yẹ̀ wò. Bí ìwé pọ́ńpù bá dé, kí alága bèèrè ojú ìwé náà kí akápò tó ka owó. Bí híítà, bátìrì, hóòsì, nọ́sù àti sílíńdà bá ti yege, nígbà náà ni kí ẹ gbé pọ́ńpù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ ìdánwò rẹ̀ ní Ilọrin. Kí wọ́n dán an wò kí wọ́n tó tú u, kí wọ́n sì kọ èsì sílẹ̀ fún yín.