Àlàyé lórí Yíyan Kúlà Prósẹ́sọ̀ Tó Bá Owó Mu ní Ọjà Kọ̀ǹpútà Ìkẹjà

Iṣẹ́ yìí gbìyànjú láti ṣàlàyé bí ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ṣe lè yan kúlà tí yóò to prósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀. Ọjà Kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Computer Village, ni a fi ṣe ojú ìwòye wa. Àdúgbò ibùgbé ni òpópónà Otigba àti àwọn òpópónà tó yí i ká tẹ́lẹ̀, kí àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà tó gba ibẹ̀ ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1990. Níbẹ̀, kúlà tuntun inú páálí àti èyí tí a tú lára tòkunbọ̀ jọ ń wà lórí tábìlì kan náà, olùtà a sì máa búra pé méjèèjì ló dára. Kì í ṣe kúlà ìrẹsì òde ìnáwó ni à ń wí o. Irin alápá wẹ́wẹ́ tí a dè mọ́ orí prósẹ́sọ̀ ni, tí fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn sí kí ooru rẹ̀ lè jáde.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé olùrà ni pé atẹ́gùn inú yàrá ni kúlà onífáànù ń lò. Nítorí náà, kò lè mú prósẹ́sọ̀ tutù ju yàrá náà lọ láéláé. Ká ní kúlà kan ń jẹ́ kí prósẹ́sọ̀ fi ìwọ̀n 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius gbóná ju yàrá lọ. Nínú yàrá ìwọ̀n 21 ní Jámánì, prósẹ́sọ̀ yóò wà ní 71. Ní Agége, lọ́sàn-án tí iná ti lọ, yàrá lè tó 33. Prósẹ́sọ̀ kan náà yóò dé 83. Ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀ Intel ni yóò dẹ eré rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ó bá dé nǹkan bí 100. Ọ̀pọ̀ nínú Ryzen 7000 ti AMD kì í kọjá 95. Ìyẹn ni pé ipò tí àyẹ̀wò òkè òkun fi kúlà kan sí láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeé gbà gbọ́, ṣùgbọ́n iye ooru tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe tiwa.

Wáàtì tí a kọ sára páálí náà ń tan ènìyàn. Core i5-12400 àti Core i7-12700 ni Intel jọ kọ wáàtì 65 fún, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá le, ti àkọ́kọ́ lè fa 117, ti èkejì 180. Kúlà kékeré tó bá páálí Intel wá yóò to i5 yìí fún iṣẹ́ ọ́fíìsì. I7 tí a fi ń ṣe fídíò yóò nílò èyí tó ga, tó ní páìpù bàbà mẹ́rin àti fáànù mìlímítà 120, irú Hyper 212 ti Cooler Master. Peerless Assassin 120 SE ti Thermalright ní páìpù mẹ́fà àti fáànù méjì. Fún ẹni tó ń lo i5, ìdákẹ́jẹ́ ni owó tó bá lé lórí ń rà jù, mo sì bi í léèrè: ta ni yóò gbọ́ ariwo fáànù níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń hó?

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni kúlà tí kò wọlé. Àyè tó wà láàrin ihò ìdè jẹ́ mìlímítà 75 lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì LGA 1150, 1151 àti 1200, nítorí náà kúlà kan lè bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Ti LGA 775 àtijọ́ jẹ́ 72. Ti LGA 1700, tó jáde ní 2021, jẹ́ 78. Púpọ̀ nínú kúlà AM4 ló bá AM5 mu. Kí olùrà sì wọn àpótí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nílé, nítorí pé Peerless Assassin yẹn ga tó mìlímítà 155, kò sì lè wọ inú àpótí tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ Dell OptiPlex tòkunbọ̀ ló ní ìdè àti ẹnu wáyà fáànù tirẹ̀ tó yàtọ̀. Kúlà ọjà kò ní bá a mu láìfi nǹkan kún un. Bí kúlà bá jẹ́ tòkunbọ̀, kí a ka ìdè àti síkúrù rẹ̀ pé kí a tó sanwó. Irin lásán ni kúlà tí kò ní ìdè.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbóná kò nílò kúlà tuntun rárá. Eruku ọyẹ́ ti dí àárín àwọn apá irin náà, thermal paste, ìyẹn ọ̀rá tó ń gbé ooru láti ara prósẹ́sọ̀ bọ́ sára irin, sì ti gbẹ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ sí Ìkẹjà, kí ó kọ ìwọ̀n ooru sílẹ̀, kí ó fẹ́ eruku kúrò, kí ó nu ọ̀rá àtijọ́ nù, kí ó fi tuntun tó tó ẹ̀wà kan sí i, kí ó sì tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ń fẹ́ eruku, kí ó fi ìka di fáànù mú kó má yí, torí pé atẹ́gùn tó le lè mú un sáré kọjá agbára rẹ̀, kí ó sì ba ìdí rẹ̀ jẹ́.