Bí Ìpè Fóònù Ṣe Ń Mọ Ọ̀nà

Àdírẹ́sì ni nọ́ńbà fóònù, apá òsì sì ni ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Orí nọ́ńbà ló ń sọ apá ibi tí ìpè ń lọ. Ìyókù ló ń tọ́ka sí ẹni tí wọ́n ń pè gan-an. Nítorí náà, kò sí ẹ̀rọ kan tó gbọ́dọ̀ mọ gbogbo fóònù ayé. Ọ̀nà tó kàn nìkan ni yóò mọ̀.

Láyé NITEL, ilé-iṣẹ́ fóònù Nàìjíríà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1985, ìlú ni orí nọ́ńbà ń tọ́ka sí: 01 ni Èkó, 02 ni Ìbàdàn. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló jọ ni 038. Òǹkà tó bá tẹ̀lé e ló ń yà wọ́n: 2 ní Ọ̀yọ́, 7 ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Nígbà tí GSM, fóònù alágbèéká, dé lóṣù Kẹjọ 2001, orí nọ́ńbà kúrò ní ti ìlú, ó di ti ilé-iṣẹ́. MTN gba 0803, Econet (tó di Airtel lónìí) gba 0802, Glo tó dé ní 2003 sì gba 0805. Ká ní ìyá kan lọ́jà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ fi síìmù MTN pe ọmọ rẹ̀ ní LAUTECH, yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́, lórí 0805. Òpó tó sún mọ́ ọjà yóò gba nọ́ńbà náà, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tí ń darí ìpè. Ẹ̀rọ yìí yóò wo àtẹ ọ̀nà tó wà nínú rẹ̀, yóò rí i pé ti Glo ni, yóò sì fà á lé Glo lọ́wọ́. Glo ni yóò wá wo ibi tí síìmù ọmọ náà ti fara hàn kẹ́yìn, torí 0805 kò sọ bóyá Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà tàbí Kánò.

Nígbà mìíràn, ìlà méjì nínú àtẹ ọ̀nà lè bá nọ́ńbà kan mu, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà. 1 ni Amẹ́ríkà àti Kánádà, àmọ́ 1876 ni Jàmáíkà. Bí ènìyàn bá pe 1876, ìlà méjèèjì ló bá a mu. Èyí tó gùn jù ni ẹ̀rọ ń tẹ̀lé. Bákan náà ni ó rí nílé. 07020 jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Smile, 07025 àti 07026 jẹ́ ti Visafone kí wọ́n tó bọ́ sọ́wọ́ MTN. Ẹ̀rọ tó bá dúró lórí 0702 yóò ṣìnà.

Láti oṣù Kẹrin 2013 tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀, ti gbà kí oníbàárà gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, orí nọ́ńbà nìkan kò tó mọ́. 0803 lè wà lọ́dọ̀ Airtel báyìí. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ gbogbogbòò, kó mọ ẹni tí nọ́ńbà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó yan ọ̀nà. Ẹni tó bá ṣì ń fi òǹkà mẹ́rin àkọ́kọ́ dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ̀ lè ṣì í.

Bí ìpè bá ń ti òkè òkun bọ̀, 234, kóòdù Nàìjíríà, ni yóò ṣíwájú, òdo iwájú yóò sì kúrò. Gbogbo òǹkà náà kò gbọ́dọ̀ ju 15 lọ káríayé. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń ṣètò tirẹ̀ lẹ́yìn kóòdù rẹ̀: ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2024, Bẹ̀nẹ̀ fi 01 síwájú nọ́ńbà gbogbo, mẹ́jọ di mẹ́wàá. Kí ẹni tó ní ará ní Kétu tàbí Kútọnu tún nọ́ńbà wọn kọ sínú fóònù rẹ̀: +229, lẹ́yìn náà 01, kó tó kan mẹ́jọ àtijọ́.