Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn yín? Ọwọ́ òsì ni kí ẹ fi mú ọ̀pá

Ẹni tó bá jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà lọ́jọ́ ọjà, pàápàá ní ìgbèríko, kò ní pẹ́ rí bàbá tàbí ìyá àgbà kan tó ń tiro bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Bó bá wò ó dáadáa, yóò rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn ún, ọwọ́ ọ̀tún náà ló sì fi mú ọ̀pá. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣebí ibi tí ògiri bá ti fẹ́ wó ni wọ́n ń fi igi tì. Ṣùgbọ́n àwọn tó fi ìrìn ọmọ ènìyàn ṣe ẹ̀kọ́ sọ pé òdìkejì rẹ̀ gan-an ló tọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fisiotẹ́rápì ń kọ́. Fisiotẹ́rápì ni ẹ̀ka ìṣègùn tó ń fi eré ìdárayá, ọwọ́ àti irinṣẹ́ tọ́jú ẹni tí ìrìn tàbí ìdìde bá ti dìṣòro fún. Ọdún 1966 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní Fásitì Ìbàdàn. Wọ́n ń kọ́ ọ ní Ifẹ̀ àti ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó pẹ̀lú. Ara ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní biomechanics, ìyẹn bí ìwọ̀n ara, iṣan àti eegun ṣe ń fa ara wọn, tí wọ́n sì ń ti ara wọn nígbà tí ènìyàn bá dúró tàbí tó ń rìn. Orúkọ rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ọwọ́ kan gbé garawa omi rí ti mọ ìdajì rẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù tó ru gbogbo ara. Oríkèé ìgbáròkó, níbi tí orí egungun itan ti wọ inú egungun ìbàdí, ni ẹrù náà jókòó lé. Ṣùgbọ́n àárín ara kò sí lókè oríkèé yìí tààrà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wà, nítorí náà ara fẹ́ ṣubú sí apá ẹsẹ̀ tó wà lókè. Iṣan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí níta ló ń fà á padà. Ó dà bí pákó tí àwọn ọmọdé máa ń gbé lé orí òkúta, tí ọ̀kan á jókòó níhìn-ín, tí èkejì á jókòó lọ́hùn-ún. Ọmọ tó bá jókòó jìnnà sí òkúta, bó tilẹ̀ kéré, lè gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó súnmọ́ òkúta sókè.

Ibi tí wàhálà wà ni pé iṣan yìí súnmọ́ oríkèé ju àárín ara lọ. Ká mú ẹni tó wọn kílò 60. Bí a bá yọ ẹsẹ̀ tó dúró lé kúrò, nǹkan bíi kílò 50 ni oríkèé yóò gbé. Bí àárín ara bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí oríkèé, tí iṣan sì fi sẹ̀ǹtímítà 5 péré jìnnà sí i, iṣan náà gbọ́dọ̀ fi agbára kílò 100 fà kí ara má baà ṣubú. Kílò 50 ti ara, kílò 100 ti iṣan, ó di 150 lórí oríkèé kan ṣoṣo. Ìlọ́po méjì àtààbọ̀ ìwọ̀n ara ẹni náà nìyẹn, ní gbogbo ìṣísẹ̀.

Friedrich Pauwels, oníṣègùn eegun ará Jámánì, ṣe irú ìṣirò yìí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1935. Lẹ́yìn rẹ̀, Georg Bergmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Berlin fi ẹ̀rọ kékeré sínú oríkèé àtọwọ́dá tí wọ́n fi rọ́pò ti àwọn aláìsàn kan, kí wọ́n lè wọn ẹrù tó ń bọ́ sórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nígbà tí ènìyàn bá kàn ń rìn lọ jẹ́jẹ́, ẹrù náà lé ní ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara lóòótọ́.

Ibí ni ọ̀pá ti wọlé. Bí ìgbáròkó ọ̀tún bá ń dùn, tí ọ̀pá sì wà lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ yẹn lè fi sẹ̀ǹtímítà 40 jìnnà sí oríkèé tó ń dùn. Bí ẹni kílò 60 yẹn bá fi agbára kílò 6 péré tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀, iṣẹ́ iṣan yóò já láti 100 sí nǹkan bíi 52, ẹrù orí oríkèé yóò sì kúrò ní 150, yóò di nǹkan bíi 96. Kílò 6 lowó, kílò 54 lèrè! Ìṣirò orí ìwé ni o. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n lára ẹni tó ń rìn, èrè náà kì í fìgbà gbogbo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èrè ni.

Bí ọ̀pá bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún ńkọ́? Kò ran iṣan ẹ̀gbẹ́ ìdí lọ́wọ́. Ńṣe ló tún ń ti ara sí apá ibi tó fẹ́ ṣubú sí. Kí ìrora tó lè dínkù, onítọ̀hún ní láti gbé gbogbo òkè ara rẹ̀ tẹ̀ sórí ọ̀pá, kó máa rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ.

Ti ẹrù ọwọ́ ló tún yani lẹ́nu jù. Ká ní ẹni yìí gbé korobá omi oníkílò 10. Bó bá wà lọ́wọ́ òsì, tí ìgbáròkó ọ̀tún sì ń dùn, ìṣirò kan náà sọ pé nǹkan bíi kílò 90 ni yóò fi kún ẹrù orí oríkèé náà. Bó bá rù ú sórí, tí ara sì dúró ṣánṣán, nǹkan bíi 30 ni. Ṣùgbọ́n bó bá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e, ẹrù oríkèé lè dínkù díẹ̀, nítorí korobá náà ń bá iṣan fa ara padà. Donald Neumann, olùkọ́ fisiotẹ́rápì ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí èyí ní àwọn ọdún 1990 lára àwọn tó ní oríkèé àtọwọ́dá. Ọ̀pá sí ọwọ́ òdìkejì, ẹrù sí ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn. Ti ìgbáròkó ni ọ̀rọ̀ ẹrù yìí o. Ẹrù tó bá wúwo gan-an, ọmọ ilé ni kó bá yín gbé e.

Ní ti ọ̀pá, òfin kan náà ló de orúnkún. Ní São Paulo, ilẹ̀ Bùràsíìlì, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012 fi hàn pé àwọn tí làkúrègbé orúnkún ń dà láàmú, tí wọ́n sì lo ọ̀pá lójoojúmọ́ fún oṣù méjì, rí ìdínkù ìrora ju àwọn tí kò lò ó lọ.

Kì í ṣe àgbàlagbà nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Láàárín àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí egungun itan mọ́, kí eegun ibẹ̀ sì kú, nígbà míì kí onítọ̀hún tó pé ogún ọdún. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń pààrọ̀ oríkèé wà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Igi kan tó dínà ìrora wà lárọ̀ọ́wọ́tó.

Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n mú un. Ní Amẹ́ríkà náà, ní 1956, oníṣègùn eegun kan tó ń jẹ́ Walter Blount, ará Milwaukee kan náà, kọ̀wé rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe sọ ọ̀pá nù. Lọ́dọ̀ tiwa, àṣà tún dá sí i: ọwọ́ ọ̀tún la fi ń ṣe ohun gbogbo tó níyì, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pá ń bọ́ sí, ẹsẹ̀ yòówù kó máa dùn. Ẹni tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn kò tilẹ̀ pàdánù nǹkan kan. Bí ọ̀pá bá bọ́ sí òsì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣófo láti fi kí ènìyàn àti láti fi gba nǹkan.

Gígùn ọ̀pá náà ṣe pàtàkì. Kí onítọ̀hún wọ bàtà tó máa ń wọ̀, kó dúró ṣánṣán, kó jẹ́ kí apá rọ̀ sílẹ̀. Ìlà ọrùn ọwọ́ ni kí orí ọ̀pá dé. Gbẹ́nàgbẹ́nà lè gé e bẹ́ẹ̀. Kí rọ́bà wà ní ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti jẹ, torí ilẹ̀ tútù kò mọ àgbà. Ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn ni kó jọ máa lọ síwájú. Bí a bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó yá ni kó ṣáájú. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn ni kó kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá mú, ọwọ́ tó yá náà ni yóò fi mú un. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń dùn, tàbí tí ọrùn ọwọ́ kò lágbára, kí ó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn fisiotẹ́rápì.

Ẹni tó ti fi ọwọ́ kan mú ọ̀pá fún ọdún mẹ́wàá yóò rí i pé ọwọ́ kejì kọ́kọ́ ń ṣe bí àjèjì. Kí ọmọ ilé kan máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ní àgbàlá tó tẹ́jú, kó tó gbé e dé ọ̀nà oko.