Prester John: Báwo ni ìtàn ọba Kìrìsìtẹ́nì tí ẹnikẹ́ni kò rí ṣe kan Bìní àti Ilé-Ifẹ̀?

Ní ọdún 1145, Bíṣọ́ọ̀bù Hugh ti ìlú Jabala ní Síríà lọ bá Póòpù ní Ítálì láti wá ìrànlọ́wọ́, nítorí pé ìlú Edessa ti bọ́ mọ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì lọ́wọ́. Níbẹ̀ ló ti ròyìn ọba kan ní ìlà oòrùn tó jìnnà réré, tó tún jẹ́ àlùfáà, tó sì ti ṣẹ́gun àwọn ọba Mùsùlùmí ní Páṣíà. Báyìí ni òkìkí Prester John, ìyẹn Àlùfáà John, ṣe kan Yúróòpù.

Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ní 1141, Yelü Dashi, olórí àwọn Khitan tó ti sá kúrò ní àríwá Ṣáínà, ṣẹ́gun Sultan Sanjar nítòsí Samarkand. Yelü Dashi kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì, àmọ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì ìjọ Nestorius wà lára àwọn tó ń jọba lé lórí. Ó jọ pé bí ìròyìn náà ṣe ń ti ẹnu dé ẹnu ni ajagun yìí di onígbàgbọ́. Ẹni tí ogun ká mọ́, tó sì ń wá olùgbèjà, kò ní ṣàì gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Ní nǹkan bí 1165, lẹ́tà ayédèrú kan jáde lórúkọ ọba náà. Nígbà tí wọn kò rí i ní Éṣíà, wọ́n yíjú sí Ethiopia, níbi tí àwọn ọba Kìrìsìtẹ́nì wà ní tòótọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan Bìní. Lẹ́yìn tí àwọn ará Portugal dé ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1480, wọ́n gbọ́ pé bí Ọba tuntun bá gorí ìtẹ́, yóò ránṣẹ́ sí alágbára kan tí wọ́n ń pè ní Ogané, tí ibùgbé rẹ̀ tó ìrìn ogún oṣù sí ìlà oòrùn. Òun ni yóò fi ọ̀pá, àṣíborí àti àgbélébùú ránṣẹ́, idẹ ni gbogbo wọn. Àwọn ìránṣẹ́ kì í rí ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ló máa ń wà. Gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé ìtàn João de Barros ṣe sọ, àgbélébùú yẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n rò pé ọwọ́ ti tẹ Prester John.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Ọọ̀ni Ilé-Ifẹ̀ ni Ogané, nítorí Oghene ni àwọn Ẹ̀dó ń pe Ọọ̀ni. Àmọ́ ìwọ̀ oòrùn Bìní ni Ifẹ̀ wà, kò sì tó ìrìn oṣù kan, ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi ń wo ìhà ibi tí odò Ọya àti Benue ti pàdé.

Ní 1487, ọba Portugal rán Pero da Covilhã lọ wá Prester John. Ó dé Ethiopia, wọn kò sì jẹ́ kó kúrò níbẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni àwọn aṣojú Portugal bá a ní 1520, lọ́dọ̀ ọba kan tí kò fìgbà kan pe ara rẹ̀ ní Prester John.