Igbó Kan Ṣẹ́kù ní Lẹ́kí

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Èkó, tí ó gba ọ̀nà Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́, ilé ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Nígbà kan, igbó àti àbàtà ló pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n da iyanrìn sí àbàtà, wọ́n kọ́lé lé e lórí. Ṣùgbọ́n igbó kan ṣẹ́kù. Ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation ni ó ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún 1990. Ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, hẹ́kítà kan sì ju pápá bọ́ọ̀lù kan lọ.

Ẹnikẹ́ni ló lè lọ wò ó. Ẹ ó sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Pákó ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà inú igbó náà, àbàtà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má bọ́ sílẹ̀ o: ọ̀nì wà níbẹ̀, awọ́nríwọ́n náà wà. Afárá kan wà lókè, láàárín àwọn igi, tí ó gùn ní mítà 401. Ó máa ń mì. Kí ẹni tí òòyì máa ń kọ́ má tijú láti dúró nísàlẹ̀.

Ibi ìjókòó wà lórí koríko fún àwọn tí ó gbé oúnjẹ wá láti ilé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀bọ ń wò yín láti orí igi. Ọmọ yín lè sọ pé, “Màámi, ẹ jẹ́ kí n fún un ní búrẹ́dì.” Ẹ má gbà fún un. Kì í ṣe ahun. Ọ̀bọ tí ó bá ti ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ènìyàn kò ní bẹ̀rù ènìyàn mọ́. Yóò máa já oúnjẹ gbà, bí ẹ kò bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ó lè bu yín jẹ, kí ó sì kó àrùn ràn yín. Èso igbó ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá jẹ ẹ́, a tu kóró rẹ̀ sí ibòmíràn, igi mìíràn a sì hù níbẹ̀. Ọ̀bọ tí ó jókòó ti àpò oúnjẹ ènìyàn ńkọ́? Kò gbin nǹkan kan. Ẹ di ọ̀rá omi yín náà padà sínú àpò.

Àwọn kan a máa bèèrè pé, èrè wo ló wà lára ilẹ̀ tí a kò kọ́lé sí? Ẹ wo ìgbà òjò. Àbàtà a máa gba omi òjò dúró, a sì rọra ṣàn lọ sí ọ̀sà. Níbi tí wọ́n bá ti fi iyanrìn dí i, omi náà a wá ibòmíràn lọ. Ẹ bi àwọn ará Lẹ́kí tí ó ti fi korobá gbọ́n omi jáde nínú pálọ̀ wọn.